Ìdí tí géèmù tí ẹ fowó yín rà fi ń tìlẹ̀kùn mọ́ yín

Bí ẹ bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta géèmù ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó rí oníbàárà kan tó gbé PS4, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, padà wá lábẹ́ abíyá. Àná ni wọ́n bá a gbé géèmù sórí rẹ̀. Ó sanwó, wọ́n dán an wò lójú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ó délé, ó tan ẹ̀rọ, àgádágodo kékeré kan ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ géèmù náà. Ọlọ́jà á ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kò sí. Oníbàárà á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹnìkan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ẹnikẹ́ni kò bi ní nǹkan, á ní kí wọ́n ṣáà fi ṣíìpù sí i. Wọ́n á fà á títí, ọ̀rọ̀ kò ní yé ara wọn, nítorí nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní nǹkan kan.

Ààbò orí géèmù kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà lára síídì. Ọ̀kan wà lára àkáǹtì tí wọ́n fi ra géèmù. Ọ̀kan tún wà lórí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù gbé kalẹ̀ sí ìlú òkèèrè. Èyí tó wà lára síídì, ẹni tí síídì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín. Èyí tó wà lára àkáǹtì, ẹni tó mọ páswọ́ọ̀dù ló ni ín. Èyí tó wà lórí sẹ́fà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ẹ bá ti lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ yàtọ̀, ìdajì àríyànjiyàn tó ń ṣẹlẹ̀ nílé géèmù á ti parí. (Ìdajì yòókù, ọ̀rọ̀ ta ló ba pádì jẹ́ ni.)

Nígbà kan rí, orí ìwé ni ààbò wà. Ní 1989, géèmù kan jáde tó ń jẹ́ SimCity. Ẹni tó ń gbá a á máa tẹ ìlú dó, á máa la títì, á máa fa iná wọ àdúgbò. Orí fulọ́pì ló wà, ìyẹn díìsìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́, fulọ́pì sì rọrùn láti dà kọ. Nítorí náà wọ́n fi ìwé kan sínú páálí rẹ̀. Bí ẹ bá tan géèmù, á bi yín ní ohun tó wà lórí ìwé náà. Ẹni tí kò bá ní in kò ní lè ṣeré lọ títí. Ìwé ọ̀hún pupa tó fi ń lọ sí dúdú, kí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ayé ìgbà náà má baà lè gbé ohun tó wà lórí rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ní ìwé yẹn àti fulọ́pì yẹn lónìí, tó sì rí kọ̀ǹpútà tó lè kà á, á gbá SimCity láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi orúkọ géèmù yìí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ìgbà tí síídì dé ni ọ̀rọ̀ wá di ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. PlayStation àkọ́kọ́, tí a mọ̀ sí PS1, jáde ní Japan ní 1994, ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 1995. Abẹ́ síídì rẹ̀ dúdú kirikiri, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà títí dòní pé dúdú yẹn ni ààbò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oge lásán ni. Ibi tí ojú kò tó ni ààbò náà wà. Lára síídì, ipa tín-ín-rín kan wà tó ń yí po láti àárín lọ sí etí, òun ni iná léésà ń tọ̀ bó ṣe ń ka ohun tó wà níbẹ̀. Sony, iléeṣẹ́ tó ṣe PlayStation, jẹ́ kí ipa náà máa mì sọ́tùn-ún sósì ní apá ìbẹ̀rẹ̀ síídì, níbi tí géèmù fúnra rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mímì yìí kì í ṣe ségesège: lẹ́tà mẹ́rin ló ń sọ. SCEI ni fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Bí ẹ̀rọ bá ti tàn, lẹ́tà mẹ́rin yìí ló kọ́kọ́ ń wá. Bí kò bá rí i, tàbí bó bá rí ti ilẹ̀ mìíràn, kò ní gbé géèmù náà.

Ibi tí ọgbọ́n wọn jinlẹ̀ sí ni pé síídì òfìfo tí à ń rà láti da nǹkan kọ sí ti ní ipa tirẹ̀ láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, ẹ̀rọ ìdàkọ kò sì lè tún ipa yẹn là. Ẹ lè da gbogbo inú géèmù kọ láìku ẹyọ kan, àwòrán rẹ̀, orin rẹ̀, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mímì yẹn nìkan ni kò ní tẹ̀lé e. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, mo sì máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò béèrè: wọ́n ti ilẹ̀kùn pa láìfi ohunkóhun kún inú géèmù, wọn kò sì yọ ẹni tó ra ojúlówó lẹ́nu rárá.

Ṣíìpù tí gbogbo wa ń dárúkọ wá rọrùn láti yé báyìí. Ohun kékeré kan ni wọ́n ń jó mọ́ inú ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó máa ránṣẹ́ lẹ́tà mẹ́rin yẹn sí ẹ̀rọ, yálà síídì sọ ọ́ tàbí kò sọ ọ́. Kì í tún géèmù ṣe, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yára. Àwọn tí kò lówó ṣíìpù ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n á fi ojúlówó sínú ẹ̀rọ, wọ́n á fi nǹkan tẹ bọ́tìnnì tó ń mọ̀ bóyá ìdérí ṣí, bí ẹ̀rọ bá ti rí lẹ́tà rẹ̀ tán, wọ́n á yọ ojúlówó, wọ́n á fi àdàkọ rọ́pò rẹ̀ wéré.

PS2 tẹ̀lé e ní 2000, iye tí wọ́n tà káàkiri ayé sì lé ní mílíọ̀nù 150. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ifẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Púpọ̀ nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ló ti ní ṣíìpù kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. "Ó ti ní ṣíìpù" tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpolówó. Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù tí àwa ń gbá, inú ọ̀rá ló máa ń wà, wọ́n á fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, n kò sì rí ojúlówó rẹ̀ sójú rí. Kì í ṣe pé a rí ojúlówó a fi sílẹ̀. Kò sí lórí àtẹ ni. Gabe Newell, ọ̀gá Valve tó ni Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ ní 2011 pé ìṣòro ìdàkọ géèmù kì í sábà jẹ́ ti owó, pé ẹni tó ń pín ayédèrú ló máa ń mú nǹkan rọrùn fún oníbàárà ju ọlọ́jà gan-an lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ìlú tí mo dàgbà sí ni ẹ̀rí mi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe géèmù náà ní láti jẹun. Ní 2013, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì gbé géèmù kan jáde tó ń jẹ́ Game Dev Tycoon, nínú èyí tí ẹni tó ń gbá a á dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn fúnra wọn gbé ẹ̀dà kan síbi tí wọ́n ti ń pín ayédèrú. Ìdẹkùn wà nínú ẹ̀dà yẹn: bí eré bá lọ jìnnà díẹ̀, àwọn ènìyàn inú eré á bẹ̀rẹ̀ sí í da géèmù tí ẹni náà ń ṣe kọ, owó á gbẹ, iléeṣẹ́ rẹ̀ á kógbá sílé. Lọ́jọ́ kìíní, nínú 100 ènìyàn tó gbá géèmù náà, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ yẹn ni wọ́n ń gbá. Àwọn kan nínú wọn tún ń béèrè ní gbangba bóyá ọ̀nà wà tí wọ́n lè fi dá olè dúró nínú eré náà. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo wá rántí ọ̀rá Winning Eleven, ẹ̀rín náà sì tutù díẹ̀.

Òfin wa náà ti dá sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ (Copyright Act) ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti já ààbò tí oníṣẹ́ fi sí iṣẹ́ rẹ̀. Amẹ́ríkà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1998. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ yẹ kí ẹ mọ̀: dída géèmù kọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan, jíjá ààbò rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀.

Ní ti PS4 àti PS5, iṣẹ́ ṣíìpù kò rówó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù kì í gba ara síídì dé mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á, ààbò rẹ̀ sì ti bọ́ sára àkáǹtì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú jù lọ fún àwọn ènìyàn wa. Mo jókòó nísọ̀ kan lọ́jọ́ kan, ọmọ yunifásítì kan wọlé.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi FC sórí eléyìí."

"Primary lo fẹ́ ni àbí secondary?"

"Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì?"

"Primary."

"Ẹ fún mi ní secondary, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn náà á ṣáà gbá bọ́ọ̀lù."

"Á gbá a dáadáa. Àmọ́ dátà ẹ gbọ́dọ̀ máa wà o."

Ó sanwó, ó gun ọ̀kadà, ó di ọ̀nà Campus. Ohun tó rà rèé. Ẹnìkan ti ra géèmù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí àkáǹtì kan. Sony gbà kí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan yan PS4 kan gẹ́gẹ́ bí ilé rẹ̀, ìyẹn ni primary. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ẹ̀rọ yẹn lè gbá géèmù náà, kódà kí íntánẹ́ẹ̀tì má sí. Ẹni tó ni àkáǹtì tún lè wọlé láti orí PS4 mìíràn, kó sì gbá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kejì yìí ní láti máa bi sẹ́fà léèrè bóyá òun ṣì ní àṣẹ. Ìyẹn ni secondary. Nítorí ara ilé kan náà ni wọ́n ṣe ṣe ètò yìí, kí òbí lè ra géèmù kí ọmọ sì gbá a. Àwọn ọlọ́jà wá rí i pé àyè méjì ló wà lára ọjà kan, wọ́n sì ń ta àyè kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí kò mọra rí. Àdéhùn Sony kò fàyè gba títa àkáǹtì, nítorí náà bí wàhálà bá dé, kò sí ibi tí ẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn.

Wàhálà sì máa ń dé. Ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ra géèmù ni àkáǹtì wà. Ó lè jókòó sílé rẹ̀ kó yọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbà á láàyè láti ṣe é báyẹn. Bó bá ṣe é lálẹ́, àgádágodo lẹ ó bá láàárọ̀, ìbáà jẹ́ primary lẹ rà. Èmi náà ti ra irú rẹ̀ rí, ó sì ti lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kí n ní sùúrù. Mo ṣì ń ní i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n pa Wi-Fi ẹ̀rọ náà, kí wọ́n pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n tún un tàn, kí ẹ wá fi orúkọ tiyín wọlé kí ẹ ṣí géèmù náà. Bó bá ṣí, primary ni. Bí kò bá ṣí, secondary ni, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é.

Ohun kan wà nípa PS4 tó tilẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù mọ̀ ọ́n. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, irú tinú agogo ọwọ́, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ọjọ́ àti aago. Kó tó di oṣù kẹsàn-án 2021, bí bátìrì yẹn bá kú, tí ẹ̀rọ kò sì rí sẹ́fà Sony bá sọ̀rọ̀, géèmù kò ní ṣí mọ́, títí kan èyí tó wà lórí síídì ojúlówó. Kì í ṣe nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń yí ọjọ́ padà kí wọ́n lè parọ́ ìgbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ inú géèmù ni àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò gbà pé Sony ń lé. Sony tún un ṣe nínú àtúnṣe 9.00 láìpariwo. Bí PS4 tí ẹ fẹ́ rà bá ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ wo nọ́ńbà àtúnṣe rẹ̀ kí ẹ tó gbé e.

Ẹ ó ní, ṣé ẹni tó fi káàdì ara rẹ̀ rà á tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò pín àkáǹtì pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, òun ló ni géèmù nìyẹn? Ní Ifẹ̀ níbí, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ gbin kòkó, kòkó jẹ́ tiyín, ilẹ̀ kì í ṣe tiyín, ẹ ó sì máa gbé nǹkan tọ onílẹ̀ lọ láti fi hàn pé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá nǹkan sílẹ̀ láàárín wa rí, n kò ní tú u. Àdéhùn tí gbogbo wa ń tẹ "mo gbà" sí láìkà fara jọ ọ́: àṣẹ láti lo géèmù lẹ rà, géèmù kọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ tilẹ̀ sàn, nítorí ọmọ a máa jogún oko kòkó bàbá rẹ̀. Àkáǹtì Steam kò ṣeé jogún, àdéhùn wọn kò gbà kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Láti oṣù kìíní 2025, òfin ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti ní kí ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì má pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní rírà àfi bó bá sọ fún oníbàárà kedere pé àṣẹ lílò ló ń gbà. Steam ti fi irú ìkìlọ̀ yẹn sójú ibi tí wọ́n ti ń sanwó ní ìparí 2024. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ jù, ó ṣáà dára pé wọ́n sọ ọ́.

Ọlọ́jà kan wà tí kò ti ilẹ̀kùn rárá: GOG, tí àwọn ará Poland dá sílẹ̀ ní 2008. Géèmù tí ẹ bá rà níbẹ̀, ẹ lè gbé e sórí fílááṣì, kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín lọ́dún mẹ́wàá sí i. The Witcher 3 tí àwọn ènìyàn wọn ṣe ní 2015 jáde níbẹ̀ láìní ààbò kankan, ó sì tà wìtìwìtì. Kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń tà fún, ẹni tó ní PS kò rí tiwọn rà.

Síídì wá ńkọ́? Ó ṣì sàn jù, nítorí ẹ lè yá ọ̀rẹ́, ẹ sì lè tà á bó bá sú yín. Àmọ́ síídì náà ti ń di páálí òfìfo. Síídì PS5 ti Call of Duty: Modern Warfare II tó jáde ní 2022 kò ní ju nǹkan bíi 70MB lọ nínú, gbogbo eré tó kù, ẹ ó fi dátà gbé e wálẹ̀. Nintendo Switch 2 tó jáde ní 2025 ní irú káàdì kan tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. PS5 tó tín-ín-rín, tí wọ́n gbé jáde ní ìparí 2023, tí ẹ bá ra ibi ìkàsíídì rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kó tó gbà láti ka síídì. Fún ẹni tó ń ra dátà oṣooṣù ní Ifẹ̀, tí iná sì lè lọ nígbà tí géèmù bá ti wọlé dé ìdajì, síídì òfìfo jẹ́ ìyà.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò géèmù kì í sábà mẹ́nu ba èyí. Wọ́n á sọ pé àwòrán rẹ̀ ń dán, ìtàn rẹ̀ dùn, wọ́n á fún un ní 9 nínú 10. Àgbéyẹ̀wò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni èyí tí àwọn ọmọkùnrin ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì nílé géèmù. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022, láti oṣù kejì wọ oṣù kẹwàá, wọ́n ráyè, wọ́n sì gbé gbogbo géèmù yẹ̀ wò dé egungun. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi géèmù tuntun ni bóyá á ṣí bí dátà bá tán. Ìwé ìròyìn òkèèrè kò béèrè ìyẹn, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kì í lọ.

Àyàfi ìgbà kan tó lọ. Ní oṣù kẹta 2013, iléeṣẹ́ EA gbé SimCity tuntun jáde. Orúkọ kan náà ni pẹ̀lú ti 1989, ìlú kan náà la ó tẹ̀ dó, ṣùgbọ́n ìwé pupa ti di sẹ́fà: ẹ kò lè gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá ṣeré. Lọ́jọ́ tó jáde, èrò pọ̀ ju sẹ́fà lọ. Àwọn tó ti sanwó tò sí ìlà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlú tí àwọn kan ti kọ́ fún wákàtí púpọ̀ sì pòórá. Polygon, ìwé ìròyìn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti fún un ní 9.5 kó tó dé ọwọ́ aráyé já a sí 8, ó tún já a sí 4. Géèmù kò yí padà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹni tó kọ àgbéyẹ̀wò náà gbá a nígbà tí sẹ́fà ṣì ṣófo, aráyé gbá a lọ́jọ́ ọjà. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni EA wá jẹ́ kó ṣeé gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, àwọn tó bínú ti lọ.

Ẹ ó tún máa gbọ́ orúkọ Denuvo lẹ́nu àwọn tó ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti ṣe é, FIFA 15, géèmù bọ́ọ̀lù EA, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ní 2014. Kì í ṣe àgádágodo gan-an. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ àgádágodo ni, ó ń da ohun tó wà nínú géèmù rú kí àwọn tó fẹ́ já a má baà mọ ibi tí wọ́n máa fọwọ́ kàn. Ṣíṣọ́ yẹn ń gba agbára kọ̀ǹpútà. Ní 2021, Resident Evil Village jáde pẹ̀lú Denuvo àti ààbò mìíràn tí Capcom, iléeṣẹ́ tó ṣe é, fi kún un, ó sì ń dákú-dájí lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Nígbà tí àwọn olè já a ní oṣù keje, ẹ̀dà tiwọn ń sáré geerege, Capcom sì wá tún tẹni tó sanwó ṣe lẹ́yìn náà. Ohun tó burú jù tí ààbò lè ṣe nìyẹn: kí ẹni tó jalè gbádùn ju ẹni tó sanwó lọ. Púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń lò ó ló ń yọ ọ́ kúrò bí oṣù mélòó kan bá ti kọjá, nígbà tí ọjà bá ti rọlẹ̀.

Ẹ má pa èyí pọ̀ mọ́ ètò tó ń lé àwọn oníjìbìtì inú bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, èyí tí EA bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti FIFA 23. Ìyẹn kò bìkítà bóyá ẹ rà á tàbí ẹ kò rà á. Ohun tó ń wò ni bóyá ẹ ń rẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń gbá a jẹ.

Ààbò tó wà lórí sẹ́fà ló wá le jù, nítorí ọjọ́ ikú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ yín. Ó yẹ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí. Ní 2023, wọ́n kó FIFA 23 kúrò lórí àtẹ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àdéhùn EA pẹ̀lú FIFA ti parí. Àwọn kan ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé géèmù ti kú. Kò kú: ẹni tó ti rà á ṣì ní in, síídì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Títà nìkan ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ti The Crew yàtọ̀. Géèmù mọ́tò ni, iléeṣẹ́ Ubisoft gbé e jáde ní 2014, gbogbo rẹ̀ pátá ló sì rọ̀ mọ́ sẹ́fà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, wọ́n pa sẹ́fà náà. Síídì ojúlówó tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kò gbé nǹkan kan mọ́, wọ́n tún gba àṣẹ rẹ̀ kúrò lórí àkáǹtì àwọn tó rà á. Lọ́dún yẹn kan náà, Sony gbé Concord jáde ní oṣù kẹjọ, ó pa á ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ṣùgbọ́n ó dá owó olówó padà. Àwọn tó ra The Crew lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn kò rí irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ The Crew ló mú kí Ross Scott, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe fídíò nípa géèmù, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tó ń jẹ́ Stop Killing Games ní 2024. Kò ní kí iléeṣẹ́ máa tan sẹ́fà títí ayé. Ohun tó ń béèrè ni pé bí wọ́n bá fẹ́ pa á, kí wọ́n fi géèmù sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á ṣì lè gbá a. Àwọn ará Yúróòpù gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ síwájú àwọn aláṣẹ wọn, iye tó fọwọ́ sí i sì kọjá mílíọ̀nù kan ní oṣù keje 2025. Orúkọ wa kò sí níbẹ̀, ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) nìkan ló láṣẹ láti fọwọ́ sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n géèmù tí wọ́n ń gbá ní Paris náà la ń gbá ní Mayfair ní Ifẹ̀ níbí, iléeṣẹ́ kì í sì í ṣe oríṣi méjì. Bí òfin bá fi ipá mú wọn láti ṣe àtúnṣe fún àwọn tọ̀hún, a ó gbé tiwa wálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, bí dátà bá ti wà.